Ààlè Tí Mo So Sẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ojúlé Àbọ̀,
Abúlé Àbọ̀, lẹ́bàá Ajah.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 1976.

Mùínàt Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀, mo kí ọkọ rẹ tó jẹ́ àna mi, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé, mo sì kí ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì tí ẹ ti ń tẹ ìwé, ẹni tó gbà kí wọ́n máa pè ọ́ sórí tẹlifóònù rẹ̀. Ṣé dáadáa ni ọyẹ́ ń ṣe yín n'Ìbàdàn? Ọlọ́run tó dá ọ̀sà tí kò jẹ́ kó bo ilé wa mọ́lẹ̀ kò ní jẹ́ kí wàhálà ìlú ńlá bò ọ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí o bá ti ń wá oore, oore á ti máa dúró dè ọ́ níbẹ̀ kí o tó dé. O ò ní rí ìjàǹbá ọkọ̀, o ò ní rí ìjà ọ̀gá, àárẹ̀ kò ní mọ ojúlé rẹ. Àmín.

Ìyá rẹ ní kí n sọ eléyìí ná kí àyà rẹ má baà já: ọmọ rẹ Làtífátù wà láàyè, ó jẹ ẹ̀kọ méjì àti àkàrà mẹ́ta láàárọ̀ yìí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn. Mo ní kí ìyá rẹ fara balẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà kọ́ nìyẹn, ìkíni ló ń ṣáájú, ìròyìn ló ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí gẹ́lẹ́, ó ń wo bírò tí mo mú lọ́wọ́. Kò mọ̀wé kà lóòótọ́, àmọ́ ó mọ ìgbà tí mo bá ń fi nǹkan pamọ́, nítorí náà mo ti kọ ọ́.

Tí o bá gbọ́ òórùn ẹja yíyan lára ìwé yìí, má bínú. Tí mo bá ti kọ ọ́ tán, ìyá rẹ á gbé e sórí àjà tó ti ń yan ẹja, kí ooru pa ọ̀fìnkìn tó bá wà lọ́wọ́ mi kí ó tó bá lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé tí mo kọ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́, kò sì ṣàìsàn títí di òní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé lẹ́yìn ìsinmi, ọ̀fìnkìn kan wọ ilé ìwé wa. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn tí a mọ̀ láti kékeré, èyí tí ọmọdé máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù tí á sì sáré lọ ṣeré létí ọ̀sà. Eléyìí ń gbé ọmọ dùbúlẹ̀ ni, pẹ̀lú ibà, pẹ̀lú ikọ́, pẹ̀lú ara ríro bí ara àgbàlagbà. Lọ́jọ́ Ajé ọmọ márùn-ún ni kò wá sí kíláàsì Làtífátù, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ wọ́n ti di mọ́kàndínlógún. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé, Tíṣà Mọ́rúfù, tí o kò tíì mọ̀ nítorí ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé e wá, ti ilé ìwé pa, ó sì fi ìwé ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tó lọ́mọ. Yorùbá ni wọ́n kọ sójú kan, òyìnbó ni wọ́n kọ sójú kejì. Mo ka ti Yorùbá lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì wo ti òyìnbó náà dáadáa láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mi ò kà á tán.

Ní ọjọ́ Àìkú, ara Làtífátù gbóná.

Mùínàt, ó yẹ kí n kọ̀wé sí ọ lọ́jọ́ náà, mi ò kọ ọ́. Mo mọ ohun tí o sọ nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, nígbà tí ibà mú ọmọ yẹn nígbà òjò. O ní tí o bá tún gbọ́ pé nǹkan kan ṣe é, o máa wá mú un lọ sí Ìbàdàn, kó lọ máa kàwé níbi tí dókítà wà nítòsí. Mi ò sọ pé o kò jàre. Ọmọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti já a lẹ́nu ọmú tí o gbé e fún ìyá rẹ, ọdún márùn-ún nìyí, òun ló ń bá mi wá bàtà mi láàárọ̀, òun ló ń sọ fún mi pé fìlà mi wọ́. Ẹ̀rù bà mí pé tí o bá gbọ́, o máa dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àpótí aṣọ rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé tí a bá tẹ̀ lé ìwé náà bó ṣe wà, láìyẹ ọ̀rọ̀ kan, ara rẹ̀ á yá kí o tó gbọ́. Ìbẹ̀rù ló mú mi ṣe é, mo sì jẹ́wọ́.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìwé. Ìwé ní kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ tàbí tó fẹ́ sín fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ọmọ mi, ìgbọ̀nwọ́ mi kò dé ẹnu mi. Mo fi apá ọ̀tún ṣe é, kò dé, mo fi tòsì ṣe é, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Mo pe àbúrò mi Àjàlá lójúlé kejì, tó gùn jù mí lọ, òun náà fi odindi ìrọ̀lẹ́ gbìyànjú ẹ̀ títí ó fi ṣubú lórí àga. A ti fẹnu kò pé iṣẹ́ ọmọdé ni, pé egungun tiwa ti gbó, ìgbà yẹn ni Làtífátù gbé orí sókè lórí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí, ó ká apá rẹ̀, ó wúkọ́ sínú kọ̀rọ̀ ibi tí apá ti ká, ó sì padà sùn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìwé tún ní kí a máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí a ó fi ka ení dé ogún. Èyí kò le fún mi, ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ kò ní bẹ̀rù omi. Ìyá rẹ ló fẹ́ bà á jẹ́. O mọ̀ pé àgbọn ló ń tà, bó sì ṣe ń ka àgbọn fún oníbàárà ló ṣe ń ka ọwọ́ fífọ̀: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ó ti parí kí ọṣẹ tó hó. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ogún ni àbí kì í ṣe ogún. Ní báyìí èmi ni mo ń dúró tì í tí mo ń kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Wọ́n ní kí oníkálukú ní ife tirẹ̀, mo wá fi ọ̀bẹ fá igbá àgbọn mẹ́ta, mo sàmì kan sára tèmi, méjì sára ti ìyá rẹ, mẹ́ta sára ti ọmọ, bí a ṣe ń sàmì sí àgbọn oko kí ti ẹlòmíì má baà dà pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní kí ọmọ máa mu omi gan-an, omi àgbọn ni a fún un, èyí kò wọ́n wa. Wọ́n ní kí a ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. A ṣí i. Ọyẹ́ wọlé, ewúrẹ́ Àjàlá sì tẹ̀ lé e, ó jẹ ìdajì ẹ̀kọ ọmọ. Mo rò ó bóyá ewúrẹ́ náà máa wúkọ́, mo ń ṣọ́ ọ títí di báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà Mọ́rúfù mú Nọ́ọ̀sì Sìdíkàt tó wà nílé ìwòsàn kékeré Ajah káàkiri ilé àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì ki ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín kan bọ abíyá Làtífátù, ó dúró díẹ̀, ó yọ ọ́, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní mọ́kàndínlógójì. Tíṣà kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀. Mo yọjú wo ìwé náà lẹ́yìn èjìká Tíṣà, mo rí i pé ọmọ Tàjùdéèn awakọ̀ gba méjìdínlógójì, àwọn ọmọ ilé ìsàlẹ̀ gba mẹ́tàdínlógójì, tiwa ló ga jù. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní lọ́la ó tún máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti ki ọwọ́ bọ àpò kí n fún un ní kọ́bọ̀ márùn-ún. Nọ́ọ̀sì Sìdíkàt wò mí, ó wo ìyá rẹ, ó wá fi sùúrù sọ fún mi pé kì í ṣe máàkì, pé gbígbóná ara ni, pé mẹ́tàdínlógójì ló yẹ ọmọ ènìyàn. Ó fún wa ní hóró oògùn, ó ní tó bá di ogójì, tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń sáré, tàbí tí kò bá lè mu omi mọ́, kí a gbé e wá lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró de ẹnikẹ́ni. Mo dá owó padà sínú àpò.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tó kí o gbọ́. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ mi tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Tàjùdéèn ń kó àgbọn lọ sí Ọbàléndé lọ́jọ́ kejì, mo ní kó dúró dè mí, mo fẹ́ lọ pè ọ́ lórí tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé tí mi ò tíì ṣe. Ìwé ní kí àlejò má wọ ilé tí ọmọ bá ti ń ṣàìsàn. Mùínàt, ìwọ náà mọ ibí. Tí ọmọ bá sín lẹ́ẹ̀mejì ní Abúlé Àbọ̀, ilé á kún. Wọ́n á wọlé, wọ́n á fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, wọ́n á jókòó sórí ẹní rẹ̀, wọ́n á ní ṣé ó jẹun. Ta ni mo fẹ́ lé? Ṣé ìyá Àjàlá tó wẹ èmi náà ní kékeré ni mo fẹ́ sọ fún pé kó má wọlé wá wo ọmọ náà? Ojú mi kò gbà á. Mo wá ronú, mo ní kí ni a ń ṣe sí nǹkan tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, láìbá ẹnikẹ́ni jà? Ààlè ni. Tí mo bá so ààlè mọ́ igi àgbọn mi, èmi lè lọ sùn, kò sẹ́ni tó máa débẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú mọ̀rìwò, mo so ìkarahun ìgbín, àkísà pupa àti àjákù bàtà mi mọ́ ọn, mo sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa. Mo wọ agbádá mi tó dára jù, nítorí ilé ìjọba ni mò ń lọ. Mo mú àpòòwé tí nọ́ńbà ọ́fíìsì rẹ wà nínú rẹ̀, mo wọ ọkọ̀ Tàjùdéèn. Ìyá rẹ ń tọ́jú ọmọ nínú ilé, kò jáde. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọkọ̀ rì sínú yanrìn lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé Ọbàléndé. Nílé ìfìwéránṣẹ́ wọ́n ní kí n wọ inú àpótí onígi kan tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì. Ènìyàn mẹ́fà ló ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀ lójú mi, gbogbo wọn ló fẹnu kan ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí lára tẹlifóònù. Ìwé sì ti ní kí a má sún mọ́ ẹnu ara wa. Nítorí tiwọn, mo yọ áńkáṣífù mi, mo ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, mo fi wé e. Nítorí tìrẹ, mo na apá mi tán, mo gbé e jìnnà sí ẹnu mi kí n tó máa sọ̀rọ̀ sí i, torí èmi náà ti ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí wáyà lè gbé dé Ìbàdàn. Mo gbọ́ ohùn rẹ, kedere bẹ́ẹ̀, o ń ṣe hẹ́lò, hẹ́lò. Mo kí ọ. Mo béèrè ọkọ rẹ. Mo kí àwọn ará ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbàdúrà fún iṣẹ́ rẹ, o ń ṣe hẹ́lò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ Làtífátù nígbà tí arábìnrin tó wà níbẹ̀ kan gíláàsì pé àkókò ti pé. Ìdí nìyí tí ìyá rẹ fi ní kí n fi ọmọ ṣáájú nínú lẹ́tà yìí. Tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ pé ta ló pè ọ́ tí kò sọ̀rọ̀, sọ fún un pé bàbá rẹ ni, ó sì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó padà dé. Láti ìdí igi máńgòrò ni mo ti rí èrò níwájú ilé wa. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Tàjùdéèn ló di apá mi mú.

Kì í ṣe ohun tí mo rò, a dúpẹ́. Gbogbo ìdílé Àbọ̀ ni, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń pariwo, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kú. Àjàlá wà níwájú wọn. O mọ̀ pé níbí, ilé tí a bá so ààlè mọ́, ilé tí a ń jà lé lórí ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ títí àgbà á fi dá ẹjọ́. O sì mọ bí àwọn ará Èkó ṣe ń fi mọ́tò wá wo ilẹ̀ etí òkun tí wọ́n fẹ́ rà láti ọjọ́ yìí wá. Àjàlá jí, ó rí ààlè lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá wa, wọ́n sọ fún un pé mo wọ agbádá, mo mú àpòòwé, mo ti lọ sí Èkó. Ìyá rẹ yọjú lójú fèrèsé, ó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó fi gèlè di imú àti ẹnu bí ìwé ti wí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n rò pé ó ń sunkún ilé tí ọkọ rẹ̀ tà.

Bó ṣe di pé ènìyàn tó lé ní ogójì dúró síwájú ilé tí mo so ààlè mọ́ kí ẹnì kan má baà wá nìyẹn. Wọ́n dúró láti òwúrọ̀, èjìká kan èjìká, ìdajì wọn ló ń wúkọ́, kò sì sí ìgbọ̀nwọ́ kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àjàlá bi mí pé ta ni mo ta ilé bàbá wa fún. Ó ní òun ti ń ṣọ́ mi tipẹ́. Ó ní ọmọ bàbá kan náà ni wá, pé tí mo bá sọ fún òun òun ì bá gbà, kí ló dé tí mo fi yọ́ ṣe é. Omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ikọ́ gbé mi, mo sì ń ká apá mi kí n lè wú u síbi tó yẹ, ó rò pé mo fẹ́ gbá òun létí.

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí Làtífátù yọ sí fèrèsé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó fi kọ̀rọ̀ apá bo ẹnu, ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn, gbogbo wa ló rí i bí orí rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó tún yọ padà. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Èmi ni wọ́n so ààlè mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ kó ọ̀fìnkìn yìí."

Àjàlá jókòó sórí yanrìn níbi tó dúró sí, ó bo ojú. Ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní èmi ló yẹ kí n tọrọ, pé ojú ló ń tì mí tí mi ò fi lè sọ fún wọn lẹ́nu. Tíṣà Mọ́rúfù, tí ariwo gbé jáde, ka ìwé fún gbogbo wọn láti òkèèrè, wọ́n sì tú ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àjàlá gbé àgbọn tútù mẹ́fà sábẹ́ ààlè wa, ó fẹsẹ̀ sẹ́yìn dé ìdí igi máńgòrò, ó wá kígbe kí wa láti ibẹ̀. Ó béèrè bóyá ọmọ sùn, bóyá ó jẹun, bóyá ó yàgbẹ́. Ìyá rẹ kígbe dá a lóhùn láti inú ilé. Gbogbo abúlé ló mọ bí inú Làtífátù ṣe rí lọ́jọ́ náà, títí kan àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Kó tó di ọ̀sán, ilé mẹ́ta mìíràn tí ọmọ ti ń ṣàìsàn ti so ààlè, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ a ti pé mọ́kànlá. Kò sí ẹni tó ń bínú sí ẹnikẹ́ni, ó kàn di pé a ń fi igbe kí ara wa ni. Nọ́ọ̀sì Sìdíkàt rẹ́rìn-ín títí. Ó ní nínú gbogbo abúlé tí òun ń lọ, tiwa nìkan ni àlejò ti gbọ́ràn.

Lọ́jọ́bọ̀ náà ló tún ki ọ̀pá gíláàsì bọ abíyá ọmọ rẹ. Mi ò lè wò ó, mo kọjú sí ògiri. Ó ní mẹ́tàdínlógójì. Mùínàt, mo sunkún. Mo yọ kọ́bọ̀ márùn-ún yẹn nínú àpò, mo fún Làtífátù, mo ní o ṣeun tí o gba kékeré.

Ìwọ náà, máa ṣọ́ra n'Ìbàdàn. Tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní ọ́fíìsì bá ń sín, sún, má wo ojú rẹ̀. Máa fọ ọwọ́ rẹ tó bá di pé o ti fọwọ́ kan owó tàbí ilẹ̀kùn, kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, má fi ti ìyá rẹ kà á. Tí ara rẹ bá gbóná, jókòó sílé, ọ̀gá tó bá sanwó fún ọ lónìí á sanwó fún ọ lọ́la. Tí ẹ bá sì rí ibi so ààlè mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yín, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn ènìyàn ná.

Tí ọwọ́ rẹ bá dílẹ̀, bá wa fi ọṣẹ ránṣẹ́, a ti fọwọ́ fọ èyí tó wà nílé tán. Fi róòbù kún un, àti áńkáṣífù kan fún mi, nítorí mo gbàgbé tèmi lára tẹlifóònù. Tí o bá lè fi owó díẹ̀ sí i, inú wa á dùn. Tíṣà ń fẹ́ ra ọṣẹ àti korobá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kọ̀ọ̀kan kí ilé ìwé tó ṣí, mo sì ti fi orúkọ rẹ sílẹ̀ láìbi ọ́. Tí kò bá sí, a ò ní bínú, orí rẹ á pèsè.

Ó ku ohun kan. Fọ́ọ̀mù wà nínú àpòòwé yìí. Tíṣà Mọ́rúfù fún gbogbo ilé, kí òbí fọwọ́ sí i kí ọmọ tó padà sí kíláàsì. Wọ́n ya àpótí kéékèèké méjì síbẹ̀: ti òkè ni ọmọ tó ń padà bọ̀ sílé ìwé yìí, ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó ń lọ sílé ìwé mìíràn. Tíṣà ní èmi lè fọwọ́ sí i, pé alágbàtọ́ àti òbí, ọ̀kan náà ni. Mo ní rárá. Ọmọ yìí ní ìyá, mi ò ní jókòó sórí àga rẹ̀ nítorí pé ó jìnnà. Mo ti fi nǹkan pamọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní di ẹ̀ẹ̀mejì. O ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ báyìí, bó ṣe rí gan-an. Àpótí tí o bá mú, a gbà. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, ìyá rẹ á di ẹrù rẹ̀, èmi á fi ọkọ̀ Tàjùdéèn sìn ín dé ọ̀dọ̀ rẹ fúnra mi.

Ṣùgbọ́n o máa rí i pé àpótí ti òkè dúdú. Kì í ṣe ilé ìwé ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lọ kírun ọ̀sán ni ìyá rẹ ti àtàǹpàkò bọ èédú ìkòkò, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Mo bá a wí. Mo ní ẹ̀tọ́ Mùínàt ni, mo ní àti pé báwo ló ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti òkè nígbà tí kò mọ̀wé. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, Làtífátù ló fọwọ́ hàn án. Mo mú àkísà kí n nù ún kúrò, àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò mí. Mi ò nù ún.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mú ibi tó dára. Kó máa ṣọ́ ọ fún wa bí a ṣe ń ṣọ́ ọmọ rẹ fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dáúdà Àbọ̀.